Géèmù tó fẹ́ kú tó tún jí: Ohun tí oníṣòwò kékeré lè rí kọ́ lára iléeṣẹ́ Jagex

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ṣẹ sí iléeṣẹ́ kan tó wà nílùú Cambridge, lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, lára lóṣù kejì, ọdún 2013. Jagex lorúkọ iléeṣẹ́ ọ̀hún. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣe géèmù táwọn èèyàn ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó sì sọ wọ́n di ẹni ńlá ni èyí tí wọ́n ń pè ní RuneScape. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2013 fi máa wọlé, géèmù náà ti pé ọdún 12 lọ́jà. Àwọn oníbàárà tó ti ń náwó sí i láti kékeré ti ń bínú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo nǹkan tuntun tí iléeṣẹ́ náà sì ń kó wá láti fi dá wọn dúró, ńṣe ló túbọ̀ ń lé wọn lọ.

Ohun tí wọ́n wáá ṣe ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Wọn ò lọ gbé owó ńlá kalẹ̀ láti fi ṣe géèmù mìíràn, wọn ò sì wá gbajúmọ̀ òṣèré kan tó máa bá wọn polówó. Ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà wọn ni wọ́n padà lọ, wọ́n sì bi wọ́n léèrè bóyá kí àwọn dá ti àtijọ́ padà. Ìbéèrè yìí ló sọ ọjà tó ti ń kú lọ di ohun táwọn èèyàn tún ń dù. Nígbà tó fi máa di ọdún 2025, iye àwọn tó ń gbá géèmù àtijọ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà ti kọjá 200,000, ìyẹn ju iye tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tún un ṣí.

Bí ọjà náà ṣe kún níbẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ 4, oṣù kìíní, ọdún 2001, ni RuneScape jáde. Andrew Gower àti Paul, ọmọ ìyá rẹ̀, ni wọ́n ṣe é, ilé àwọn òbí wọn nílùú Nottingham ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gbá géèmù gidi máa ń lọ ra sídíì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà tó lágbára nílé. Ti RuneScape ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti lè wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ níléèwé, ìbáà jẹ́ ní kafé, ó lè gbá a lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó ìpolówó tí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ń san ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń gbọ́ bùkátà. Nígbà tí owó ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì já wálẹ̀, wọ́n dá ètò ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lóṣù kejì, ọdún 2002. Ẹni tí kò lówó á máa gbá apá kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á máa san nǹkan bíi dọ́là 5 lóṣù. Dọ́là 5 kéré lójú ẹni tó ń san án, ṣùgbọ́n nígbà tí ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn bá ń san án lóṣooṣù, owó ńlá ni.

Iṣẹ́ ojúmọ́ làwọn èèyàn ń ṣe nínú géèmù náà. Wọ́n ń gégi, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń wa kùsà, wọ́n ń rọ irin, wọ́n ń dáná, wọ́n sì ń bá àwọn ẹranko abàmì jà. Adùn ibẹ̀ ni pé wọn kì í dá ṣe é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló jọ máa ń wà níbẹ̀, tí wọ́n á máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ìlú kan wà nínú géèmù náà tó ń jẹ́ Varrock. Iwájú báńkì ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń dúró sí, tí oníkálukú á máa pariwo ọjà rẹ̀ àti iye tó fẹ́ tà á, tí ẹni tó fẹ́ rà á sì máa ná an. Ẹni tó bá ti dé ọjà Bódìjà rí nílùú Ìbàdàn kò ní í ṣàjèjì síbẹ̀. Ọjà tí èèyàn ti ń pàdé ọ̀rẹ́ ni Jagex dá sílẹ̀, ọ̀rẹ́ yìí ló sì ń mú kí oníbàárà san owó oṣù tó ń bọ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀

Ọjà tó bá ti kún, olè kì í pẹ́ débẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó wúrà inú géèmù náà jọ, wọ́n sì ń tà á lówó gidi fún àwọn tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ fún un. Lára wọn ni àwọn gbájúẹ̀ tó ń fi káàdì báńkì tí wọ́n jí lọ́wọ́ oníkáàdì san owó ọmọ ẹgbẹ́. Lóṣù kejìlá, ọdún 2007, Jagex bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin dè é. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kò gbọdọ̀ fún ọ̀rẹ́ ní nǹkan tó níye lórí mọ́ láìgba ohun tó tó o padà. Wọ́n sì pa ìjà tí wọ́n máa ń bára wọn jà nínú aginjù rẹ́, níbi tí ẹni tó bá borí ti máa ń kó ẹrù ẹni tó pa.

Òfin yìí ká àwọn gbájúẹ̀ lọ́wọ́ kò lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí kò jalè náà jẹ nínú ìyà ẹni tó jalè. Àwọn oníbàárà fẹ̀hónú hàn nínú géèmù náà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì kó ẹsẹ̀ wọn kúrò. Ọdún mẹ́ta kọjá kí iléeṣẹ́ náà tóó bi wọ́n bóyá kí àwọn dá nǹkan wọ̀nyẹn padà. Ìbò tó wọlé tó mílíọ̀nù 1.2, ó sì ju 90 lọ nínú 100 tó ní kí wọ́n dá a padà. Lóṣù kejì, ọdún 2011, wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti lọ ti rí ibòmíràn dúró sí.

Bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ìyẹn kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Lọ́dún 2012, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ àyíká kan wá, irú èyí tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́. Oníbàárà á yí i, á rí ẹ̀bùn gbà, bó bá sì fẹ́ yí i sí i, á san owó. Nǹkan tí ẹlòmíràn fi oṣù mẹ́ta ṣiṣẹ́ fún, ẹni tó lówó lè fi ọwọ́ kan yí i jáde. Nígbà tó di ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún yí bí wọ́n ṣe ń jà nínú géèmù náà padà pátápátá. Tẹ́lẹ̀, èèyàn á tọ́ka sí ọ̀tá, ìjà á máa lọ fúnra rẹ̀, ọwọ́ òun á sì ráyè bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn àyípadà yẹn, àfi kó máa tẹ bọ́tìnnì lọ́tùn-ún lósì láìsinmi. Àwọn ọ̀gá rò pé àwọn ń sọ ọjà àtijọ́ di ti ìgbàlódé. Wọn ò mọ̀ pé ìtàkúrọ̀sọ gan-an làwọn fi ìyẹn pa.

Ìbéèrè tó yí ọ̀rọ̀ padà

Bí iwájú ò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí. Ohun tó kó Jagex yọ ni pé wọ́n rí ẹ̀dà géèmù náà kan tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ láti oṣù kẹjọ, ọdún 2007, ìyẹn kí òfin tó bí àwọn èèyàn nínú yẹn tóó dé. Lóṣù kejì, ọdún 2013, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà nígbà yẹn, Mark Gerhard, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn oníbàárà, ó ní kí wọ́n dìbò.

Bí wọ́n ṣe to ìbò náà ló yẹ kí oníṣòwò kíyè sí. Wọ́n sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé owó lọ̀rọ̀ náà máa gbà. Bí ìbò bá tó 50,000, wọ́n á ṣí i, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ á san owó àfikún lórí owó oṣù rẹ̀. Bó bá tó 250,000, owó àfikún náà á dín kù. Bó bá tó 500,000, kò ní í sí owó àfikún rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá ti dìbò tirẹ̀ kò lè jókòó. Ńṣe ló ń wá ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbá a níléèwé kiri, tó ń sọ fún un pé kó wáá dìbò kí owó lè wálẹ̀. Àwọn tó ti ń bú iléeṣẹ́ náà láti ọdún 2007 ló wáá di apolówó ọjà fún wọn, láìgba kọ́bọ̀.

Wọn ò tiẹ̀ dúró kí ìbò náà parí. Lọ́jọ́ 22, oṣù kejì, ọdún 2013, wọ́n ṣí géèmù àtijọ́ náà, wọ́n pè é ní Old School RuneScape. Nígbà tí ìbò parí, ó ku díẹ̀ kó pé 450,000. Kò dé ibi tí wọ́n ti ní kò ní í sí owó àfikún, síbẹ̀ wọn ò gba owó náà. Ẹni tó bá san owó oṣù kan lè gbá tuntun, ó lè gbá àtijọ́. Wọn ò pa tuntun nítorí àtijọ́. Wọ́n gbé méjèèjì sórí igbá, wọ́n jẹ́ kí oníbàárà mú èyí tó wù ú.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀

Ayọ̀ ìpadàbọ̀ kì í pẹ́ tutù. Láàárín oṣù mélòó kan, àwọn tó wá wo bí ilé àtijọ́ ṣe rí ti wò ó tán, wọ́n sì ti ń lọ. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bí wọn ò bá fi nǹkan tuntun kún un, ó máa tún kú. Bí wọ́n bá sì fi nǹkan tuntun kún un láìfarabalẹ̀, ohun tó lé àwọn èèyàn lọ lẹ́ẹ̀kínní náà ló tún máa lé wọn lọ.

Ìlérí kan ni wọ́n fi yanjú ẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan pàtàkì kan tí àwọn máa fi kún géèmù náà àyàfi tí 75 nínú 100 àwọn oníbàárà tó bá dìbò bá fara mọ́ ọn. Lọ́dún 2022 ni wọ́n tóó dín in kù sí 70. Ìlérí rọrùn láti ṣe, mímú un ṣẹ ló le. Lọ́dún 2015, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi iṣẹ́ atukọ̀ ojú omi kún àwọn iṣẹ́ inú géèmù náà. Ó ju ìdajì àwọn tó dìbò lọ tó fẹ́ ẹ, síbẹ̀ kò tó 75, wọ́n sì gbé e jù sílẹ̀. Lọ́dún 2019, wọ́n tún mú iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n pè ní Warding wá, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe wàhálà púpọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn oníbàárà ní àwọn ò fẹ́, ó sì parí síbẹ̀.

Ọdún 2023 ni iṣẹ́ atukọ̀ tóó rí ìbò tó tó. Lọ́jọ́ 19, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, wọ́n gbé e jáde, ó sì di iṣẹ́ tuntun àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti ṣí géèmù àtijọ́ náà. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi dúró. Oníṣòwò mìíràn á ní ìyẹn ti pẹ́ jù. Àmọ́ lọ́jọ́ tó jáde, kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n fipá mú òun.

Wọ́n tún mọ bí èèyàn ṣe ń wo ohun tí oníbàárà ń fi ọjà ṣe. Àwọn kan wà tí wọ́n fúnra wọn ṣòfin pé àwọn ò ní í ra nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú géèmù náà, gbogbo ohun táwọn bá fẹ́ lò, àwọn fúnra àwọn á ṣe é. Iléeṣẹ́ náà ò sọ pé wèrè ni wọ́n. Lóṣù kẹwàá, ọdún 2014, wọ́n sọ ọ́ di ètò gidi, wọ́n pè é ní Ironman, wọ́n sì fi àmì sára orúkọ ẹni tó bá yàn án. Lónìí, ọ̀pọ̀ oníbàárà ni kò fẹ́ gbá a lọ́nà mìíràn mọ́.

Ìpolówó tí oníbàárà ń ṣe fúnra rẹ̀

Lọ́dún 2015, wọ́n ṣílẹ̀kùn apá kan géèmù náà fún ẹni tí kò sanwó, bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Tọ́wò ni. Ẹni tó bá dùn mọ́ á padà wáá sanwó.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe géèmù náà máa ń jókòó síwájú kámẹ́rà, táwọn oníbàárà á máa bi wọ́n ní ìbéèrè lójúkojú. Àwọn tó ń gbá a náà ń gbé fídíò tiwọn sórí YouTube àti Twitch, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn sì ń wò ó. Dípò kí Jagex máa lé wọn kiri, ńṣe ló ń ṣe àwọn ètò tó dára láti wò. Lóṣù kọkànlá, ọdún 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní League: gbogbo èèyàn á bẹ̀rẹ̀ láti òdo, nǹkan á yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn oṣù méjì ó máa parí. Àwọn tó ti sinmi láti ọdún pípẹ́ máa ń padà wá nígbà tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá dé, nítorí pé gbogbo wọn ló jọ wà lójú ìlà kan náà.

Ohun tó tún gbé wọn sókè jù ni fóònù. Àwọn tó jẹ́ ọmọléèwé lọ́dún 2004 ti di òṣìṣẹ́, wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọmọ, wọn ò ráyè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mọ́. Lọ́jọ́ 30, oṣù kẹwàá, ọdún 2018, Jagex gbé géèmù náà wá sórí fóònù. Kì í ṣe ẹ̀yà kékeré, géèmù kan náà ni: ohun tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà nílé, ó lè máa bá a lọ lórí fóònù nínú ọkọ̀. Lọ́dún 2019, ó gba àmì ẹ̀yẹ géèmù orí fóònù tó dára jù lọ́dún náà lọ́wọ́ BAFTA, ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ fíìmù àti géèmù ní àmì ẹ̀yẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Owó náà fi hàn. Owó tó wọlé fún Jagex lọ́dún 2019 lé ní mílíọ̀nù 110 pọ́n-ùn. Nígbà tí àwọn olówó mìíràn ra iléeṣẹ́ náà lọ́dún 2024, nǹkan bíi mílíọ̀nù 900 pọ́n-ùn làwọn ìwé ìròyìn sọ pé wọ́n rà á.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà

Kì í ṣe gbogbo ìtàn yìí ló dùn ún gbọ́. Kẹ̀kẹ́ tẹ́tẹ́ ọdún 2012 ò wọ inú géèmù àtijọ́, ṣùgbọ́n ó dúró sínú tuntun, kí wọ́n tóó fi irú rẹ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2014. Lọ́dún 2019, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ òbí kan tí ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà jẹ gbèsè tó lé ní 50,000 pọ́n-ùn nítorí ohun tó ń rà nínú RuneScape. Irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń wọlé kíákíá, àmọ́ ó máa ń ba orúkọ jẹ́. Lọ́dún 2025, Jagex fúnra rẹ̀ gbé e fún àwọn oníbàárà pé bí ìbò 100,000 bá pé, àwọn á yọ nǹkan náà kúrò. Kò pẹ́ tí ìbò fi pé, wọ́n sì yọ ọ́ lóṣù kìíní, ọdún 2026.

Nínú géèmù àtijọ́ pàápàá, wọ́n ti fẹ́ ṣubú rí. Lóṣù kìíní, ọdún 2025, wọ́n fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà lórí oríṣiríṣi owó oṣù tí wọ́n lè máa gbà, tó fi mọ́ èyí tí ìpolówó máa wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá san owó tó kéré jù. Ìbéèrè lásán ni o, kò tíì di òfin. Síbẹ̀, àwọn oníbàárà gbaná jẹ, àwọn kan dá owó oṣù wọn dúró lójú ẹsẹ̀, ó sì di dandan kí ọ̀gá iléeṣẹ́ náà jáde wáá tọrọ àforíjì. Ọdún 12 ni wọ́n fi kó ìfọkàntán yẹn jọ, ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì fẹ́ẹ́ dà á nù.

Kí ni oníṣòwò kékeré lè mú níbẹ̀?

Àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀. Ká ní Jagex ò tọ́jú ẹ̀dà ọdún 2007 ni, kò bá má sí ohun tí wọ́n máa dá padà. Télọ̀ tó bá ju pátánù àtijọ́ nù, tàbí ìyá olóúnjẹ tí kò kọ ìwọ̀n èròjà ọbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó tóó yí i padà, kò ní ibi tó máa padà sí lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ní ti àná lòun fẹ́.

Èkejì ni pé ẹni tó bínú lọ kì í ṣe ọ̀tá. Oníbàárà tí kò bìkítà kì í bínú, ó kàn máa ń lọ jẹ́ẹ́ ni. Ẹni tó ń ṣàròyé ṣì fẹ́ràn ọjà náà. Nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà tí wọn ò yà mọ́ láti ọdún kan sẹ́yìn wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣòwò. Owó káàdì fóònù tí wọ́n máa fi pè wọ́n, kí wọ́n béèrè ohun tó lé wọn lọ, kò tó owó pátákó ìpolówó kan.

Ẹ̀kẹta ni kí èèyàn mọ iye tó fẹ́ ọjà kó tóó náwó lé e. Jagex ka ìbò kó tóó gbáwó sílẹ̀. Alásè tó fẹ́ mú oúnjẹ kan padà wá lè kọ́kọ́ gba orúkọ àwọn tó máa jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, kó sọ fún wọn pé bí wọ́n bá pé báyìí, iye rẹ̀ á dín báyìí.

Ẹ̀kẹrin ni ìlérí. Bí oníṣòwò bá ti bi oníbàárà léèrè, kó gba ìdáhùn tó gbọ́, kódà bí kò bá dùn mọ́ ọn. Ẹni tó béèrè tí kò ṣe é burú ju ẹni tí kò béèrè rárá lọ.

Ó yẹ kó yéni pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ọjà tó kú ló ṣeé jí. Ohun tí RuneScape ní ni pé àwọn èèyàn ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò nídìí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè ọjà kan mọ́, ariwo kò lè gbé e dìde. Ṣùgbọ́n bí àwọn oníbàárà àtijọ́ bá pàdé lóde àríyá, tí wọ́n sì ń sọ pé, 'Ẹ̀yin ẹ rántí bí ọjà ìyá yẹn ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀,' a jẹ́ pé ọjà náà ò tíì kú. Olóhun ló kù kó padà lọ bá wọn.